Àgọ́ Tí Ìyá Mi Fi Èémí Yàn

Lẹ́yìn ìrun àyílà lọ́jọ́ kan, ìyá mi jókòó sórí àga rọ́bà lẹ́yìnkùlé wa ní Ìgàndó, lábẹ́ igi máńgòrò. Mo ń sá aṣọ lọ́wọ́. Ó ti ń wò mí tipẹ́tipẹ́, bí ẹni tó fẹ́ béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ àlejò tí ojú sì ń tì í. Nígbà tó yá, ó ní:

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, níbo ni àgọ́ wa wà?"

Mo wẹ̀yìn. Kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀. Èmi ni ìyá mi ń bá sọ̀rọ̀, èmi àbíkẹ́yìn rẹ̀, èmi tó pọ̀n lọ sọ́jà Ìkòtún lójoojúmọ́ títí mo fi lè fẹsẹ̀ ara mi rìn. Kì í ṣe àgọ́ tó ń wá ló kọ́kọ́ gún mi lọ́kàn. "Ẹ" tó fi pè mí yẹn ni.

"Àgọ́ wo, Màmá?"

"Àgọ́ wa. Funfun ni. Mo kàn ní kí n lọ bu omi ni, mi ò wá rí i mọ́."

Mo fi aṣọ tó wà lọ́wọ́ mi sílẹ̀, mo jókòó tì í, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọwọ́ náà fẹ́lẹ́, ó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ewé tí oòrùn ti ń pa láti àárọ̀. A jókòó bẹ́ẹ̀ títí òjìji igi fi kúrò lẹ́sẹ̀ wa.

Ìyá mi kò ṣàìsàn tí èèyàn lè fọwọ́ tọ́ka sí. Ìgbàgbé ni, díẹ̀díẹ̀ ló sì ń wá, bí kùrukùru ṣe máa ń bo ojú ọ̀nà láàárọ̀ ìgbà ọyẹ́. Ó kọ́kọ́ ń gbàgbé ibi tó fi kọ́kọ́rọ́ sí. Ó fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó tún ṣe, ó jáde ní mọ́ṣáláṣí tó ti ń kírun láti ìgbà tí mo wà lọ́mọdé, ó dúró sẹ́nu géètì, kò mọ apá ibi tí ilé òun wà mọ́. Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò ní ká má ṣe máa bá a jiyàn. "Ibi tí wọ́n bá ń lọ, ẹ bá wọn lọ," ó ní. Èmi àti ọkọ mi bá lọ kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní Ìkòtún, a mú un wá sọ́dọ̀ wa.

Aṣọ ló tà jẹun. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, òun àti bàbá mi sì dé Èkó nígbà tí èèyàn ṣì lè rí oko gbágùúdá ní Ìkòtún. Aṣọ ìkélé ló ń tà, àti aṣọ agbòjò, àti tapólì tí àwọn onímọ́tò fi ń bo ẹrù nígbà òjò. Mo kọ́ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ìkélé ni mo ń rán títí di òní yìí ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ẹgbẹ́dá.

Nígbà tí mo wà nílé ìwé girama ló lọ sí Mẹ́kà. Ó gbé omi sámúsámù wá fún wa pẹ̀lú dàbínù, ó sì sọ fún wa nípa Mínà, ibi tí àwọn tó lọ ṣiṣẹ́ Haji máa ń sùn sí. Ó ní àgọ́ funfun ló tò lọ bẹẹrẹbẹ níbẹ̀ títí ojú á fi rẹ èèyàn, bí ẹni pé òwú ló là lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Torí náà, nígbà tó ń béèrè àgọ́ funfun lọ́wọ́ mi, mo mọ ibi tó wà. Ara rẹ̀ nìkan ló wà ní Ìgàndó.

Láti ọjọ́ náà, ojoojúmọ́ ló ń béèrè, lẹ́yìn àyílà, nígbà tí gbogbo àdúgbò bá dákẹ́, tí àwọn ọmọ kò tíì dé láti ilé ìwé. Nígbà mìíràn màá ní, "Màmá, ilé mi lẹ wà, kò sí àgọ́ níbí." Omi á lé ròrò sójú rẹ̀. Nígbà mìíràn màá ní, "Ó wà níwájú níbẹ̀ yẹn." Á dìde lóòótọ́, á kọjú síwájú, á sì máa lọ.

Bó ṣe bọ́ síta lọ́jọ́ kan nìyẹn. Inú ilé ìdáná ni mo wà. Nígbà tí mo fi máa jáde, géètì ti ṣí sílẹ̀, àga rẹ̀ sì ti ṣófo. Mo sáré títí dé ojú títì pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán, mo ń bi ẹni tí mo mọ̀, mo ń bi ẹni tí mi ò mọ̀. Oníkẹ̀kẹ́ Màrúwá kan ló gbé e dé nígbẹ̀yìn. Ó jókòó jẹ́jẹ́ lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ náà bí ìyàwó tuntun, ó di bútà tó fi ń ṣàlùwàlá mú mọ́ àyà.

"Mo bá Màmá lọ́nà Ìkòtún," ọkùnrin náà ní. "Wọ́n ní kí n bá àwọn wá omi. Nígbà tí mo fún wọn ní píọ̀ wọ́tà, wọ́n ní kí n wá mú àwọn lọ sí àgọ́. Ẹnì kan ló wá dá wọn mọ̀, ó ní ilé yín ni wọ́n ń gbé."

Ó kọ̀, kò gba owó lọ́wọ́ mi. Ó ní òun náà ní ìyá.

Nígbà tí ọkọ mi dé láti ibi iṣẹ́, mo ro gbogbo rẹ̀ fún un. Ọkọ mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Kànga ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní bohó ló ń gbẹ́, bóyá torí pé ohun tó jinlẹ̀ ló ń fi ojoojúmọ́ wá ló ṣe máa ń pẹ́ kó tó lahùn. Ó jẹun tán, ó fọwọ́, ó wá ní:

"Tó bá jẹ́ àgọ́ ni wọ́n ń wá, ṣé a ò lè pàgọ́ fún wọn ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

Bọ̀ọ̀dá mi, àkọ́bí ìyá wa, ló takò ó. Ó ní ilé-kéwú ní Ìkòtún, ó sì jẹ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ òtítọ́ máa ń dun ẹnu rẹ̀ ju oúnjẹ lọ. Mo pè é lórí fóònù láti sọ ohun tí a fẹ́ ṣe fún un.

"Irọ́ lẹ fẹ́ máa pa fún ìyá wa yẹn," ó ní. "Ẹ fẹ́ pàgọ́ sí Ìgàndó kẹ́ ẹ wá sọ fún wọn pé ilẹ̀ mímọ́ ni. Ṣé a ó wá máa bá wọn ṣàrán ni?"

"Bọ̀ọ̀dá mi, a ò ní pe ibẹ̀ ní Mẹ́kà. Àgọ́ ni wọ́n ń wá, àgọ́ la sì máa pa."

"Má fi mí sí i, jàre," ó ní. Ó gé fóònù.

Òótọ́ inú ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò jẹ́ kí n sùn dáadáa. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn àyílà, ìyá mi tún fi "ẹ jọ̀ọ́ mà" bẹ̀rẹ̀.

Ládùúgbò wa, tí o bá ní àgọ́ lò ń wá, kánópì làwọn èèyàn máa rò, irú èyí tí wọ́n ń háyà fún ìsọmọlórúkọ. Kánópì kò sì ní ògiri. Inú òjò la wà nígbà yẹn, òjò Ìgàndó kì í sì í ti òkè nìkan wá, ẹ̀gbẹ́ ló máa ń gbà wọlé. Ọkọ mi ní òun lè ri ọparun mọ́lẹ̀ kóun ta tapólì lé e. Ọmọbìnrin mi, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ní, "Dádì, á dà bí ibi tí wọ́n ti ń sun àgbàdo." A pa ìyẹn tì.

Mo wá ń ro irú èyí tí a fẹ́ gan-an bí mo ṣe ń tẹ máṣíìnì mi. Ó gbọ́dọ̀ ga tó kí ìyá mi lè nàró kírun nínú rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ èyí tí a máa rákòrò wọ̀, torí orúnkún rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ gba gbogbo wa, torí "àgọ́ wa" ló ń wí, kò fìgbà kan sọ pé "àgọ́ mi." Lékè gbogbo rẹ̀, omi kò gbọdọ̀ kán sí i lára, nítorí láti ìgbà tí ìgbàgbé yìí ti bẹ̀rẹ̀, tí omi bá ta sí i lójijì, ṣe ló máa ń gbọ̀n bí ọmọ adìyẹ.

Oníbàárà mi kan ló júwe obìnrin kan tó ń ta ẹrù tòkunbọ̀ ní Akowonjo fún mi. A lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, gbogbo wa, torí kò sẹ́ni tí a lè fi ìyá mi tì nílé. Ìsọ̀ náà jìn wọnú bí ihò. Kẹ̀kẹ́ ọmọdé so kọ́ sókè, fìríìjì tò bí ìsà òkú lápá kan, òórùn káńfọ̀ àti eruku ìlú òkèèrè sì kún ibẹ̀. Oòrùn ń gba ihò kan lára páànù wọlé, ó dúró lórí ilẹ̀ bí owó fàdákà kan. Ìyá mi tẹjú mọ́ ọn títí, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Àgọ́ ńlá? Mo ní i," obìnrin tó ni ìsọ̀ náà ní. Obìnrin sísanra ni, ọmọ Ìbàdàn, ohùn rẹ̀ sì mú inú èèyàn dùn. "Mẹ́ta ló bá kọ̀nténà tó kọjá dé. Ẹ ẹ́ ra ọ̀kan níbẹ̀."

Èyí tó kọ́kọ́ tú jáde rí bí ìkarahun ìgbín, aláwọ̀ aró. A ní láti dọ̀bálẹ̀ ká tó wọ inú rẹ̀. Ọkọ mi fi etí àgọ́ náà wọn ara rẹ̀, ó mi orí. Èkejì ni gbogbo wa nífẹ̀ẹ́ lójú ẹsẹ̀. Àwọ̀ ọsàn tó pọ́n ni, ó ní yàrá méjì àti fèrèsé tí síìpù wà lára rẹ̀. A pa á sí gbàgede tó wà lẹ́yìn ìsọ̀, a sì wọlé. Ìmọ́lẹ̀ inú rẹ̀ pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, ara gbogbo wa dà bí ẹni tí wọ́n fi epo pupa pa. Ọmọ mi nà gbalaja sílẹ̀. Ọkọ mi na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, kò kan ibì kankan.

"Èyí gan-an làwọn òyìnbó ń lò," obìnrin náà ní láti ìta. "Òjò kankan ò lè ráyè níbẹ̀. Ẹ gbé e fún Àlàájà."

Mo wá rí i pé Àlàájà kò bá wa wọlé. Ìyá mi dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá mú etí aṣọ náà, ó ń ra á pọ̀ nítòsí etí rẹ̀, ó gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nínú ilé kejì. Lẹ́yìn náà ó gbé aṣọ náà sẹ́nu, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ètè, ó sì fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ó fi ọwọ́ kejì wá èémí náà lódìkejì aṣọ.

"Ajọ̀ ni," ó ní.

"Àlàájà, kí lẹ wí?" obìnrin náà bi í.

"Ajọ̀ nìyí, kì í ṣe aṣọ òjò. Ibi tí èémí bá gbà, omi á gbà á." Ó yíjú sí mi. Ojú rẹ̀ mọ́ kedere, ó mú ṣáṣá, bó ṣe máa ń rí láàárọ̀ ọjọ́ ọjà láyé àtijọ́. "Ìwọ, kí lò ń wò? Gbé ẹ̀kẹta wá kí n rí i. Ṣé bí mo ṣe kọ́ ẹ láti máa ra aṣọ nìyẹn? Àwọ̀ ló máa ń tàn ẹ́!"

Ìwọ. Mo dúró nínú àgọ́ aláwọ̀ ọsàn yẹn, mi ò lè mira. Ó tó oṣù mélòó kan tí ìyá mi ti bá mi wí kẹ́yìn. Ọkọ mi wò mí. Ó mọ ohun tó ń ṣe mí, ó kàn rọra fọwọ́ kàn mí léjìká.

Obìnrin tó ni ìsọ̀ kò gbà. "Màmá, èyí ò tíì gbó rárá!"

"Ọmọ mi, da omi sí i," ìyá mi dá a lóhùn.

Ó pọn omi sínú báàkẹ́ẹ̀tì, ó dà á sórí àgọ́. Omi náà kọ́kọ́ ń yọ̀ lulẹ̀ wọ̀ọ̀, obìnrin náà sì ti ń rẹ́rìn-ín wa. Ìgbà tó da báàkẹ́ẹ̀tì kejì sí i ni ọmọ mi tó ṣì nà sílẹ̀ kígbe, "Ó kán sí mi níwájú orí!" Ojú ibi tí wọ́n ti rán aṣọ pọ̀ ni omi náà ń gbà yọ, ó tò sójú rírán náà bí ìlẹ̀kẹ̀.

"Háà," obìnrin náà ní. Ó wo ìyá mi láti orí dé ẹsẹ̀. "Àlàájà, iṣẹ́ wo lẹ ti ń ṣe tẹ́lẹ̀?"

Ẹ̀kẹta kò dùn ún wò. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí eérú, ó wúwo, ẹnì kan sì ti lẹ̀ ẹ́ ní igun kan. Òun ni ìyá mi dúró tì jù. Ó fẹ́ èémí sí i títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fi wú bọ̀ǹbọ̀, èémí náà kò kọjá. Ó fi èékánná tọ ojú rírán rẹ̀ láti òkè délẹ̀, ó sì fi hàn mí bí wọ́n ṣe ká aṣọ náà léra tí wọ́n rán an ní ìlọ́po méjì, tí wọ́n tún fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ ojú abẹ́rẹ́ pa. Aṣọ méjì ni àgọ́ náà ní, ọ̀kan bo èkejì, àlàfo sì wà láàárín wọn, débi pé bí èyí tó wà lókè bá tilẹ̀ rin, kò ní kan ti inú. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò parí sílẹ̀. Ó ká sókè bí etí abọ́ yí gbogbo àgọ́ ká, kí àgbàrá má bàa rí ọ̀nà gbà wọlé. Mo bi í nípa ibi tí wọ́n lẹ̀ yẹn.

"Ẹni tó lẹ èyí mọṣẹ́," ó ní. "Ibẹ̀ ló máa gbẹ̀yìn já."

A da báàkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta sí i. Ọkọ mi wà nínú rẹ̀, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ tọ gbogbo ara àgọ́. "Ó gbẹ!" ó kígbe. "Ó gbẹ fúrúfúrú!" Ìyá mi wá wọlé lórí ìdúró, kò tẹ̀ba. Ó nàró láàárín rẹ̀, ó wo òkè, gèlè rẹ̀ kò sì kan aṣọ. Ó béèrè pé apá ibo ni ìlà oòrùn wà. Obìnrin náà fọwọ́ hàn án.

A ná an, a gbé e. Nínú kẹ̀kẹ́ tí a wọ̀ padà sílé, ìyá mi gbé orí lé èjìká mi, ó sùn díẹ̀. Nígbà tó jí, ó wo ẹrù ńlá tó wà lẹ́sẹ̀ wa, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Kí lẹ rà?"

Lọ́jọ́ kejì ni ọkọ mi pa á sẹ́yìnkùlé. Kò pa á sábẹ́ máńgòrò, ó ní ẹ̀ka lè já lù ú. Ibi tí ilẹ̀ ti ga díẹ̀ lórí koríko ló wá, ó kan èèkàn mọ́lẹ̀, ó fa okùn le, ó sì la ojú omi yí i ká kí àgbàrá lè gba ọ̀dọ̀ ògiri lọ. Mo tẹ́ ẹní sínú rẹ̀, mo tẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì lé e, mo sì gbé àwọn ìrọ̀rí síbẹ̀.

Mi ò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé bí ọ̀sán ṣe ń rí nínú àgọ́ náà. Aṣọ eérú yẹn máa ń sẹ́ oòrùn bí ògì. Ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé funfun, ó tutù, kò sì ní òjìji, bí ẹni wà nínú ìkùukùu tó balẹ̀. Ariwo Ìgàndó á jìn sẹ́yìn. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò, alásàlàtù, ohùn àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù, gbogbo rẹ̀ á dà bí ohun tí èèyàn ń rántí, kì í ṣe ohun tó ń gbọ́. Àwọn ọmọ mi máa ń wọ ibẹ̀ tààrà láti ilé ìwé, wọ́n á bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún wọn. Wọn kì í pariwo níbẹ̀. Mo ti sùn níbẹ̀ lọ́sàn-án, èmi tí kì í sùn lọ́sàn-án.

"Ṣé àgọ́ wa nìyí?" ìyá mi bi mí lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

"Àgọ́ wa ni, Màmá."

Ó fọwọ́ kan ògiri rẹ̀. Ó jókòó. Kò bọ́ sí títì mọ́, ìyẹn jẹ́ ìtura fún wa. Síbẹ̀, mo rí i pé ọkàn rẹ̀ kò tíì balẹ̀ tán. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ á tún sún mọ́ ẹnu ọ̀nà, á ṣí síìpù díẹ̀, á yọjú síta, bí ẹni tó ń retí ẹnì kan. Mo bi í pé ta ló ń wá. Ó tún yọjú síta.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ kejì, bọ̀ọ̀dá mi yà wá kí ìyá wa lẹ́yìn ìrun. Kò tíì wá láti ìgbà tí a ti pàgọ́. Ìyá wa wà nínú àgọ́ pẹ̀lú èmi àti àwọn ọmọ. Bọ̀ọ̀dá mi dúró sí fàráńdà, ó ní kí n mú Màmá wá bá òun nínú ilé. Mo ní kó wá bá wọn níbẹ̀. Ó ní òun kò ní wọ ibẹ̀. Ibi tí a ti ń fà á ni ojú ọ̀run ti ṣú dẹ̀dẹ̀. Atẹ́gùn kan gbé eruku dìde, ewé máńgòrò ń fò kiri, òjò sì já lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni ya àpò.

Fàráńdà wa kò jìn. Láàárín ìṣẹ́jú kan, òjò ti ń na bọ̀ọ̀dá mi láti ẹ̀gbẹ́. Mo ti fi kọ́kọ́rọ́ ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kí n tó wá sínú àgọ́, ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ sì wà. Ó lẹ̀ mọ́ ògiri, jalabíà funfun rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ìyá mi ló rí i. Ó ti ṣí síìpù gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ṣe, ó sì na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síta nínú òjò, òun tí omi máa ń já láyà.

"Ẹ máa bọ̀!" ó ń kígbe. "Ẹ máa bọ̀ níbí! Ẹ má bẹ̀rù, àyè wà! Ẹ wọlé!"

Bọ̀ọ̀dá mi wò ó. Mo rò pé kò ní wá. Ó wá ká jalabíà rẹ̀ sókè bí ọmọ ilé-kéwú, ó sáré la òjò kọjá, ó sì bẹ́ wọlé. Ìyá mi fà á jókòó. Ó tú ìborùn rẹ̀, ó ń fi nu orí rẹ̀, nu etí rẹ̀, nu ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, àní títí dé àárín ọmọ ìka. Bọ̀ọ̀dá mi ń sọ pé, "Ó tó, Màmá, ẹ má nu ẹsẹ̀ mi," ṣùgbọ́n kò gbọ́.

"Bí wọ́n ṣe ṣe fún mi náà nìyẹn," ó ní. "Ẹ má sunkún. Ẹni tó bá sọnù, wọ́n á rí i."

"Ta ló sọnù, Màmá?" bọ̀ọ̀dá mi bi í.

"Èmi."

Òjò ń lu aṣọ lórí wa, ìró rẹ̀ nípọn, ó sì lọ geere, bí ìgbà tí wọ́n bá ń da ìrẹsì sínú àpò. Ìyá mi ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ ìró náà, kò yára, kò sì ṣì í. Ó ní òun gbé bútà, òun lọ bu omi ní Mínà. Nígbà tóun yíjú padà, gbogbo àgọ́ ti di ọ̀kan náà. Òun rìn títí bàtà fi bó òun lẹ́sẹ̀. Òun ń béèrè, kò sẹ́ni tó gbọ́ Yorùbá. Oòrùn ń yí òun lójú, òun sì rò pé ibẹ̀ lòun máa kú sí. Obìnrin kan tóun kò mọ̀ rí, tó fín ara sí àgbọ̀n, ló yọjú lẹ́nu ọ̀nà àgọ́ tirẹ̀, tó na ọwọ́ méjèèjì sí òun. Òun kò gbọ́ èdè rẹ̀. Ó ṣáà fa òun wọlé, ó fún òun lómi, ó bọ́ bàtà òun, ó sì fi ìborùn ara rẹ̀ nu ẹ̀jẹ̀ kúrò lẹ́sẹ̀ òun. Òun sùn. Nígbà tóun jí, obìnrin náà ṣì jókòó, ó ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí òun. Ìrọ̀lẹ́ ni àwọn ará wa tó wá òun débẹ̀.

"Mi ò dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀," ìyá mi ní. "Mi ò mọ èyí tí mo máa sọ."

Ẹnu ya èmi àti bọ̀ọ̀dá mi. Láti ọdún yẹn, a kò gbọ́ ọ rí. Bàbá wa kú láìgbọ́ ọ.

"Màmá, kí ló dé tẹ́ ò sọ fún wa?" bọ̀ọ̀dá mi bi í. Ohùn rẹ̀ ti yí padà.

Ìyá mi ṣẹ́jú sí i, ó bú sẹ́rìn-ín. "Kẹ́ ẹ lè máa sọ lọ́jà pé Àlàájà sọnù ní Mẹ́kà? Ojú tì mí ni, jàre."

Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá mi náà ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń fi etí jalabíà tútù nu ojú. Mo wá mọ̀ pé kì í ṣe Mẹ́kà ni ìyá mi ń wá láti ọjọ́ yìí, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àgọ́ kan pàtó. Ibi tí ẹnì kan ti máa na ọwọ́ jáde sí ẹni tó sọnù ló ń wá. Òun fúnra rẹ̀ ló wá na ọwọ́ náà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn.

Àkókò Aláásárì tó, òjò kò dá. Bọ̀ọ̀dá mi dìde, ó wo aṣọ òkè, ó fọwọ́ tọ ojú rírán rẹ̀, ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó gbẹ. Ó kọjú sí ìlà oòrùn, ó pe ìrun, gbogbo wa sì tò sẹ́yìn rẹ̀. Ìyá mi nàró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ibi kan ṣoṣo tó tutù nínú àgọ́ náà ni ibi tí ẹsẹ̀ bọ̀ọ̀dá mi ti kọ́kọ́ tẹ̀ nígbà tó bẹ́ wọlé.

Mi ò ní parọ́ pé ìgbàgbé náà lọ. Ó ṣì ń béèrè àgọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rù nínú ohùn rẹ̀ mọ́, ó dà bí ẹni tó ń béèrè aago. Ó dẹ́kun àtimáa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni bọ̀ọ̀dá mi ń wá báyìí. Òun ló ń yẹ èèkàn wò, tó ń bá ọkọ mi jiyàn lórí bó ṣe yẹ kí okùn le tó.

Nígbà tí òjò kásẹ̀ nílẹ̀, a sá àgọ́ náà sóòrùn odindi ọjọ́ kan, a sì ká a. Àwa mẹ́rin la ká a, síbẹ̀ kò fẹ́ wọ àpò rẹ̀. Koríko tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti funfun, ó sùn sílẹ̀ bí irun arúgbó. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ àwọ̀ ewé. Ibẹ̀ ni ìyá mi fẹ́ràn láti jókòó sí láàárọ̀. Ọmọbìnrin mi á gbé àwo ẹ̀gúsí sáàárín wọn, àwọn méjèèjì á máa bó o. Orúkọ tèmi ni ìyá mi fi ń pe ọmọ náà, ọmọ náà sì ń dá a lóhùn.